Príńtà 3D wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀pẹ́: kí ni kí àwọn ọmọ àdúgbò fi ṣe ní ọlidé?

Ọmọ_Òkè_Balógun kọ:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Pópó-Ọbà: fọ́tòkọ́pì, ìwé títẹ̀, fọ́ọ̀mù JAMB. Ẹ̀gbọ́n mi tó kó lọ sí Ìbàdàn fi príńtà 3D kan sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú kílò méjì okùn rọ́bà tó ń lò. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ kì í fẹ́ kọjá mọ́. Wọ́n á dúró tì í, òmíràn á dúró títí ìyá rẹ̀ á fi wá a débẹ̀.

Ọlidé gígùn ń bọ̀, mo sì fẹ́ yọ̀ǹda ẹ̀rọ yìí fún wọn lọ́sàn-án. Èmi kì í ṣe tíṣà, mi ò sì fẹ́ dá lẹ́sìnnì sílẹ̀. Lẹ́sìnnì ti pọ̀ ju ilé ìwé lọ ní àdúgbò wa. Ohun tí mo ń wá ni pé kí ọmọ wọlé, kó fọwọ́ kan nǹkan, kí nǹkan náà yé e, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ ibi púpọ̀ tí mo ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kíhódà ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ á kọ orúkọ ara rẹ̀, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ jáde, ó di ilé. Ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kó sún mọ́ ọn? Ta ni kó san owó rọ́bà? Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́?

Jagunlabí kọ:

Ọ̀gá, ẹ tà á, kẹ́ ẹ fowó ẹ̀ ra bátìrì sólà. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, kó lọ bá wẹ́dà, kó lọ bá rewáyà. Nǹkan òyìnbó yìí ò ní pẹ́ di ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Tíṣà_Físíìsì_Nófọ́rìjà kọ:

@Jagunlabí, ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ká tó gbé e lọ ọjà.

Ẹni tó bá ti wo ìyá tó ń mọ ìkòkò rí, bó ṣe ń ká amọ̀ gígùn lé ara wọn títí ìkòkò á fi ga, ti mọ ìdajì iṣẹ́ príńtà 3D. Okùn rọ́bà tí kò nípọn ju mìlímítà 1.75 lọ ni ẹ̀rọ ń fà wọlé. Orí rẹ̀ á gbóná dé nǹkan bí 200 °C, á yọ́ okùn náà, á sì máa tú u jáde láti ojú ihò tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 0.4. Á fi ya ìpele kan sórí pẹpẹ, á gbéra díẹ̀, á ya òmíràn lé e. Ìpele kọ̀ọ̀kan sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 0.2. Nítorí náà, ohun tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 péré, ìpele 150 ni. Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní PLA ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ara sítáàṣì àgbàdo tàbí ìrèké ni wọ́n ti ń rí i.

Ẹ wá wo ìṣirò tó wà níbẹ̀. Tí mo bá ní kí ọmọ SS1 wá gígùn ọ̀pá róbótó láti inú ìwúwo rẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Àmọ́ gbé kílò kan okùn yìí síwájú rẹ̀, kó o bi í pé mítà mélòó ló wà níbẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kúbíkì kan PLA wúwo tó gíráàmù 1.24, nítorí náà kílò kan á jẹ́ nǹkan bíi 806 irú ẹ̀. Ojú okùn náà, tó o bá gé e wò, fẹ̀ tó mìlímítà síkúwià 2.4. Pín in, wàá rí i pé okùn náà lé ní mítà 330. Ọmọ tó fẹ́ mọ̀ bóyá okùn tó kù á tó fún iṣẹ́ òun á ṣe ìṣirò yẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni mú ẹgba dání.

Ọ̀rọ̀ kíhódà tí ẹ sọ, ẹ ò ṣèèṣì. Paulo Blikstein, ọmọ Brazil tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2013. Ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà gé pákó ni tirẹ̀. Ó rí i pé àwọn ọmọ ilé ìwé mọ kíhódà ṣe tán, kò sì sí ohun tó lè fà wọ́n kúrò nídìí ẹ̀ mọ́, torí ó yá, ó rẹwà, gbogbo ayé sì ń yìn wọ́n. Wọn ò kọ́ nǹkan míì mọ́. Ẹ̀rọ tó bá ń fún ọmọ ní ohun tó dán láìjẹ́ pé ó ronú, ìṣòro ni.

Ohun tí èmi á ṣe rèé tó bá jẹ́ tèmi: mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ohun tí ẹlòmíì ti yà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó bàjẹ́ nílé wọn ni kí wọ́n gbé wá. Ẹ fi ìdérí ẹ̀yìn rìmóòtù bẹ̀rẹ̀. Ilé wo ní Ẹ̀pẹ́ ni wọn ò ti fi sẹ́lótéèpù di bátìrì mọ́ rìmóòtù? Ọmọ á wọn ojú ibẹ̀ pẹ̀lú rúlà, á yà á lórí kọ̀ǹpútà, á tẹ̀ ẹ́, kò ní wọlé. Á bínú. Á tún un wọ̀n. Rúlà ò lè fi ìdajì mìlímítà hàn án dáadáa, ìdajì mìlímítà yẹn ló sì ń dí i lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni ọmọ á fẹnu ara rẹ̀ bèèrè ohun tó lè wọn nǹkan jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ ó sì mú kàlípà jáde. Ẹ má mú un jáde ṣáájú àkókò yẹn o.

Ìyá_Ẹléja_Olúwo kọ:

Tíṣà, ẹ kú ìṣirò. Èmi ìyá ọmọ, ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Iná 200 °C yẹn, ọwọ́ ọmọ ńkọ́? Ṣé kò ní èéfín? Ṣé mo lè ní kí wọ́n ṣe abọ́ tí màá máa kó ẹja sí? Ẹ má sì sọ pé àwọn ọmọkùnrin nìkan lẹ fẹ́ kó jọ síbẹ̀, torí ọmọbìnrin mi ló tú fáànù ilé wa palẹ̀ tó sì tò ó padà.

Ẹńjíníà_Ìta_Márùn-ún kọ:

Ẹ kú ọjà mà. Ẹ̀ka ẹńjínnírìn LASU tó wà níbí ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kàwé, ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Orí ẹ̀rọ náà ń jóni, kò sí àwàdà níbẹ̀. Pẹpẹ rẹ̀ náà máa ń gbóná tó 60 °C. Kí àgbàlagbà kan máa wà nídìí ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó tutù kí ọmọ tó yọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi abẹ kékeré tàbí ohun pẹlẹbẹ olójú mímú yọ iṣẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ pẹpẹ. Nínú gbogbo ọgbẹ́ tí mo ti rí nídìí ẹ̀rọ yìí, ìyẹn ló ń ṣe é jù, iná kọ́. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́jọ, kó máa wò, kó máa yàwòrán.

Èéfín: PLA kì í rùn púpọ̀, àmọ́ rọ́bà tó bá ń yọ́ máa ń tú eruku tí ojú ò lè rí sáfẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Irú rọ́bà míì tí wọ́n ń pè ní ABS ni kẹ́ ẹ yẹra fún láàárín àwọn ọmọdé, torí gáàsì stairíìnì tó ń tú jáde ò dáa fún imú.

Abọ́ ẹja: rárá o, mà. Àárín ìpele sí ìpele ní kòtò tín-ín-tìn-tín tí ọṣẹ ò lè dé, kòkòrò á sì fi ibẹ̀ ṣelé. Ohun tó bá jẹ mọ́ oúnjẹ, ẹ fi sílẹ̀.

Nǹkan míì: PLA máa ń rọ̀ tó bá ti gbóná tó 60 °C. Ẹ má fi ṣe ọwọ́ ìdérí ìkòkò, ẹ má sì fi sí iwájú mọ́tò ní ọ̀sán gangan, ó máa ń wọ́. Ohun tó máa wà nínú oòrùn, rọ́bà tí wọ́n ń pè ní PETG ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, 230 °C sókè ni ẹ ó sì fi yọ́ ọ.

Ọmọbìnrin yín yẹn, kó má pẹ́ dé o.

Bàbá_Ọlọ́kọ̀_Márínà kọ:

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni mò ń ṣe, pákó la fi ń kàn án. Lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó kí wọ́n kọ́ mi ní nǹkan kan. Mo ń gbálẹ̀, mò ń di ìdí pákó mú, mò ń ràn án níṣẹ́. Ojú ni mo fi kọ́ ọ kí ọwọ́ mi tó débẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá gbé ayùn fún mi, mo ti mọ ibi tí ayùn yóò há sí.

Ohun tí mi ò fẹ́ nípa ẹ̀rọ yín yìí rèé. Pákó máa ń bá èèyàn jà. Ó ní kókó, ó ní ibi tó máa ń fà sí, bí o bá fi agídí fá a, á ya mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìjà yẹn ló ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Rọ́bà tí ẹ̀rọ ń yọ́, tí ọmọ kàn tẹ bọ́tìnnì, ta ló bá jà? Ẹ̀rọ ló ṣiṣẹ́, ọmọ ló gba oríyìn.

Síbẹ̀, ẹ bá mi wò ó: ṣé ẹ̀rọ náà lè ṣe abẹ́rẹ́ tí àwọn apẹja fi ń hun àwọ̀n? Ti rọ́bà tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn. Ó máa ń kán lẹ́nu.

Ọmọ_Òkè_Balógun kọ:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ó lè ṣe é. Mo gbìyànjú rẹ̀ lánàá nítorí yín, ìjà tí ẹ ń wí sì wà níbẹ̀.

Ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́ lóòró, kó dúró bí ọ̀pá. Ó jáde, ó rẹwà. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó já geere láàárín ìpele méjì. Èkejì, mo tẹ̀ ẹ́ ní dídùbúlẹ̀, kí okùn rọ́bà lè gba gígùn rẹ̀ lọ. Ìyẹn tẹ̀, kò kán. Àwòrán kan náà, rọ́bà kan náà, bí mo ṣe tò ó sórí pẹpẹ nìkan ló yàtọ̀. Aládùúgbò mi tó ń hun àwọ̀n ti gba èkejì lọ́wọ́ mi, kò sì dá a padà.

Bàbá_Ọlọ́kọ̀_Márínà kọ:

Ìlà pákó nìyẹn! Ẹni tó bá gé pákó lódì sí ìlà rẹ̀, ohun tó máa rí nìyẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí ti wọn náà kán.

Tíṣà_Físíìsì_Nófọ́rìjà kọ:

Bàbá ti parí iṣẹ́ mi. Ìjà míì tún wà níbẹ̀: apá tó bá yọ síta tí kò ní ohun tó gbé e dúró á rọ̀ sílẹ̀, igun iṣẹ́ tó bá tutù ju àárín lọ á ká sókè, tí pẹpẹ ò bá tẹ́jú, ìpele àkọ́kọ́ ò ní lẹ̀. Ọmọ á kọ́ bí nǹkan ṣe ń fẹ̀ tó bá gbóná tó sì ń sún kì tó bá tutù, á sì mọ̀ ọ́n lára kó tó kà á nínú ìwé.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nítorí ìbéèrè Bàbá pé ta ló ṣiṣẹ́. Seymour Papert, ọmọ South Africa tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ṣe èdè kọ̀ǹpútà Logo fún ọmọdé ní 1967. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ìgbà tí ọmọ bá ń kọ́ nǹkan kan jọ, nǹkan tó ṣeé gbé jáde kí àwọn ẹlòmíì wò ó, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sọ̀rọ̀ lé e, ni ìmọ̀ ń wọ̀ ọ́ lórí dáadáa. Ṣé kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ibi tí ẹ ti ń kan ọkọ̀ nìyẹn? Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ní Márínà ló lè dúró kó ní apá ọ̀tún ọkọ̀ yìí wọ́.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_ní_Lọ́mẹ́ kọ:

Ẹ kú ilé o. Ẹni tó pè é ní nǹkan òyìnbó ló jẹ́ kí n yọjú.

Níbí ní Lọ́mẹ́, ní 2013, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Afate Gnikou kan príńtà 3D jọ láti inú pàǹtírí: príńtà ìwé tó ti kú, sìkánà àtijọ́, kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó dànù. Woelab ni wọ́n ń pe ibi tó ti ṣe é, ibi tí ará àdúgbò lè wọ̀ kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ dán nǹkan wò. Ohun tó ná wọn kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ. Ẹ bá mi ronú sí iye sìkánà tó ti kú tó wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀pẹ́ nìkan.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, eré ọmọdé ló bí i. Chuck Hull ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀, ìwé tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é láìgba àyè, ó forúkọ sílẹ̀ ní 1984, wọ́n fún un ní 1986, àmọ́ omi rọ́bà tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le ni tirẹ̀. Èyí tó ń yọ́ okùn rọ́bà bí ti @Ọmọ_Òkè_Balógun, Scott Crump ló ṣe é. Ní 1988, ó ń fi ìbọn gúlù mọ ọ̀pọ̀lọ́ fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní kíṣìnnì, ìpele lórí ìpele. Ìwé àṣẹ ti Crump parí ní 2009. Kó tó di ìgbà yẹn, Adrian Bowyer ní Yunifásítì Bath ti bẹ̀rẹ̀ RepRap ní 2005, ẹ̀rọ tó lè tẹ ọ̀pọ̀ lára ẹ̀yà ara rẹ̀, ó sì gbé àwòrán gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Bí owó rẹ̀ ṣe wálẹ̀ nìyẹn tó fi lè dé Pópó-Ọbà.

Jagunlabí kọ:

Ó dáa, mo gbọ́. Ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀: lẹ́yìn ọlidé ńkọ́? Mo mọ ibi tí wọ́n ti kó ẹ̀rọ gbówólórí fún ọmọ ilé ìwé, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ní kí ọmọ má bà á jẹ́.

Tíṣà_Àgbádárìgì kọ:

@Jagunlabí, òótọ́ lẹ sọ, ohun tó jẹ́ kí èmi kọ̀ láti gbé tiwa sí ilé ìwé nìyẹn. Ilé ni mo gbé e sí, ní pálọ̀ mi, ẹni tó bá sì fẹ́ bà á jẹ́ kó wá bà á jẹ́. Wọ́n ti bà á jẹ́, wọ́n sì ti tún un ṣe, ọmọ JSS3 ló mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ tó bá dí.

Lọ́dọ̀ wa, ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n mú. Ilé àwọn míṣọ́nárì tó parí ní 1845, gbogbo ọmọ Àgbádárìgì ló ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ní kí wọ́n tẹ ilé náà ní kékeré. Ìjà bẹ̀rẹ̀! Fèrèsé mélòó ló wà níwájú? Kálukú ní òun mọ̀ ọ́n, iye tí kálukú sọ yàtọ̀. Àwọn tí ilé ìwé ti kó lọ wo ibẹ̀ rí ò rántí. Wọ́n padà lọ, wọ́n kà á, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn gígùn rẹ̀, wọ́n fi òjìji wá gíga rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé báwo ni páànù orí ilé náà ṣe dé Àgbádárìgì nígbà tí kò sí títì. Mi ò dáhùn, mo ní kó lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń mú àlejò yíká ibẹ̀. Ilé tí a tẹ̀ jáde wọ́ díẹ̀, kò dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ò lè parọ́ fún àwọn ọmọ yẹn mọ́ nípa ilé náà.

Ìyá_Ẹléja_Olúwo kọ:

Èyí wù mí ju rìmóòtù lọ.

Tíṣà_Físíìsì_Nófọ́rìjà kọ:

Mà, rìmóòtù ni kó ṣáájú. Ilé alájà tó wọ́ ṣì jẹ́ ilé alájà. Ìdérí tó wọ́ kò ní wọlé, kò sí bí a ṣe lè pọ́n ọmọ lé kó wọlé.

Físíò_Ìkòròdú kọ:

Mo fẹ́ mú àbá kan wá. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní e-NABLE, àwọn olùyọ̀ǹda ni wọ́n káàkiri ayé, wọ́n ń fi príńtà 3D ṣe ọwọ́ fún àwọn ọmọ tí kò ní ìka. Ọ̀dọ̀ káfíńtà kan ní Johannesburg ló ti ṣẹ̀. Richard Van As pàdánù ìka lẹ́nu iṣẹ́ ní 2011, ó sì wá Ivan Owen rí ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń ṣe ọwọ́ ńlá onírin fún eré. Àwọn méjèèjì jọ ń ránṣẹ́ síra wọn títí ọwọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í di nǹkan mú. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ò lè ṣe irú ẹ̀?

Ẹńjíníà_Ìta_Márùn-ún kọ:

Wọ́n lè ṣe é, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Ohun tó máa wà lára ọmọ ẹlòmíì, tó bá ń ha á lára tàbí tó bá kán mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ ti dá ìbànújẹ́ mọ́ ìbànújẹ́. Ẹni tó mọ̀ nípa ara, bíi tiyín, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Ìyẹn náà tún jẹ́ àwòrán ẹlòmíì tí wọ́n kàn fẹ́ tẹ̀. Kí wọ́n ti mọ ìwọ̀n kí wọ́n tó débẹ̀.

Físíò_Ìkòròdú kọ:

Mo gbà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ pè mí, ọkọ̀ Ìtòìkín ni màá wọ̀ wá.

Ọ̀rẹ́_Àwọn_Ọ̀dọ́ kọ:

Ẹ má gbàgbé sẹ́tífíkéètì o! Ẹ jẹ́ kí wọ́n san nǹkan díẹ̀, kẹ́ ẹ fún wọn ní sẹ́tífíkéètì aláwọ̀ mèremère lọ́jọ́ ìparí. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá_Ọlọ́kọ̀_Márínà kọ:

Lọ́dọ̀ wa, fíríìdọ̀ọ̀mù wà, adúrà wà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà. Àmọ́ ọkọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ bá kàn ló ń jẹ́rìí rẹ̀. Tó bá jò, ìwé wo ló fẹ́ fi dí i?

Tíṣà_Físíìsì_Nófọ́rìjà kọ:

Ìwé kan ló yẹ kí wọ́n ní, ìwé àkọsílẹ̀ ogójì ojú ewé yẹn. Kí wọ́n yàwòrán sí i pẹ̀lú pẹ́ńsù kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà: láti òkè, láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n sí i. Kí wọ́n lẹ èyí tó bàjẹ́ mọ́ inú ìwé náà, kí wọ́n kọ ìdí tó fi bàjẹ́ síbẹ̀. Èmi á gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ju sẹ́tífíkéètì mẹ́wàá lọ.

Èyí á tún dín ọ̀rọ̀ dátà kù. Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya ohun tí ẹ̀rọ máa tẹ̀, Tinkercad dára fún ọmọdé, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. OpenSCAD kéré, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ àti iye ni ọmọ ń kọ sí i, kì í fa nǹkan kiri pẹ̀lú máòsì. Tó bá ní kí gígùn jẹ́ 42, 42 náà ni. Àwọn tó ti dé JSS lè lò ó.

Ọmọ_Òkè_Balógun kọ:

Ẹ ṣeun gidi. Mo ti ń ṣe ìṣirò owó láti àná. Mo gbé ìdérí rìmóòtù kan sórí òṣùwọ̀n: gíráàmù 6. Kílò kan rọ́bà á ṣe ju ọgọ́rùn-ún lọ, ká tiẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta bàjẹ́. Nítorí náà, mi ò ní gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó bá ń ṣe ohun kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ohun ńlá, kí òun àti òbí rẹ̀ ra okùn tirẹ̀. Bí Bàbá ṣe sọ nípa ilẹ̀ gbígbá, ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe ló máa jókòó ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èmi á kàn máa ṣọ́ iná àti abẹ ni.

Ohun tó kù tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni iná. Tó bá lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́?

Jagunlabí kọ:

Mo ní ínfátà kékeré kan tí mi ò lò mọ́. Bátìrì rẹ̀ ṣì dára. Wáàtì mélòó ni ẹ̀rọ yẹn ń jẹ?

Ẹńjíníà_Ìta_Márùn-ún kọ:

Irú tiyín, tó bá ti gbóná tán, nǹkan bíi wáàtì 100 sí 150. Ìgbà tó bá ń gbóná ló máa ń fa iná púpọ̀, ó lè tó 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kó gbóná nígbà tí iná bá wà, kẹ́ ẹ tó gbé e lé ínfátà.

Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń rántí ibi tí wọ́n dé tí iná bá lọ. Ẹ má gbọ́kàn lé e. Tí pẹpẹ bá tutù, iṣẹ́ máa ń tú kúrò lórí rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa tú rọ́bà sínú afẹ́fẹ́. Ohun tí kò bá ju wákàtí kan lọ ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ sì máa fi káàdì mẹ́mórì gbé iṣẹ́ fún un, ẹ má so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Tí kọ̀ǹpútà bá sùn tàbí tí ọmọ kan bá ṣí géèmù lórí rẹ̀, iṣẹ́ á dúró. @Jagunlabí, kí ni wọ́n kọ sára ínfátà náà, 500 ni àbí 1000?

Jagunlabí kọ:

1000 ni. Màá gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹnì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù o.